Bíréèkì Màlúù Katikíìsì

Ẹ má wulẹ̀ fi ẹ̀bẹ̀ dà mí láàmú. Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín kọ lẹ́tà sí ọmọ yín tó wà lókè òkun, ìṣòro yín ni a óò kọ́kọ́ kọ, ìkíni á tẹ̀lé e. Bí òrùlé bá ń jò, ìlà àkọ́kọ́ ni. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, ìlà kejì ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó gba ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé tó ń jókòó níwájú pósítọ́fíìsì lọ. Àwọn á bá a kọ ọ́ pé dáadáa ni gbogbo ilé wà, àfi àárò yín, títí ìwé á fi kún.

Wọ́n ní mo ti le jù. Láti oṣù kẹjọ ọdún yìí tí wọ́n ti sọ Lọ́kọ́ja di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, àlejò ti kún ọ́fíìsì wa, wọ́n á sì máa wò mí bíi pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀. Èmi àti Bàbá Jímọ́ọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni, pẹ̀lú bírò kan ṣoṣo àti àwọn ìwé lẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ sánmà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè òkun.

Katikíìsì ni bàbá wa. Pius lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́ja ni ilé wa wà, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni wá. Agbaja ni wọ́n ti bí Bàbá, orí òkè Agbaja náà sì ni àwọn ìjọ kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ wà. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Ká má parọ́, kẹ̀kẹ́ kì í gbé èèyàn gun Agbaja. Èèyàn ló ń ti kẹ̀kẹ́ gùn ún. Òkúta pupa, kòtò, òkúta pupa. Bó bá padà dé lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo máa ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀. Ìyá wa ti kú nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń se oúnjẹ, èmi ni mo ń fọṣọ, èmi náà ni mo sì ń kọ lẹ́tà. Bàbá ń ka Bíbélì geere, ṣùgbọ́n bó bá mú bírò, álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé lẹ́tà kan kì í gbà ju gbólóhùn mẹ́rin lọ.

Àkọ́bí ni ẹ̀gbọ́n mi Alfred. Ọdún 1974 ló lọ sí Ìlú Ọba, sí ìlú Bámíngáàmù, ó ní òun fẹ́ kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì. Ó rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún àwọn alùpùpù ńláńlá ṣe. Láti ìgbà náà, lẹ́tà rẹ̀ kì í sọ ti òtútù, kì í sì í sọ ti obìnrin. Ti alùpùpù ni. Ó ra òkú alùpùpù kan, ẹ́ńjìnnì ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta, tí ẹni tó ni ín ti pa tì sínú òjò. Odidi ọdún méjì ló fi jí òkú náà. Oṣù yìí, á kọ̀wé pé òun rí ṣéènì ra. Oṣù tó ń bọ̀, ó rí táǹkì epo tí kò tíì dípẹtà. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ gbogbo, ọjà àlòkù ló ń ná, tó ń wá ohun tó bá a mu. Àwa ò mọ ẹni tó ń tún un ṣe fún.

Ní ọdún 1979 ni ìwé dé láti Apápá pé kí Bàbá wá gba ẹrù. Alfred kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó bá a wá pé: "Bàbá, ẹ má ti kẹ̀kẹ́ gun Agbaja mọ́. Ẹ jẹ́ kí eléyìí máa gbé yín."

Bàbá sunkún. Ojú mi ló ṣe.

Nígbà tí lọ́rì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ilé wa, gbogbo àdúgbò ló jáde. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ sí apá méjèèjì bí ìwo, àyà rẹ̀ kún, ìdí rẹ̀ wúwo. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e dìde. Alápatà Haúsá kan tó ń kọjá lọ sí ọjà kígbe pé, "Kai! Wannan ai sa ne!" Màlúù lèyí, ó ní. Bó ṣe di Màlúù Katikíìsì nìyẹn. Àwọn ọmọdé ò pè é lórúkọ mìíràn mọ́, nígbà tó yá Bàbá alára ò pè é lórúkọ mìíràn.

Àlàbí, mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ló kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń gùn ún, lórí iyanrìn etí Odò Ọya nígbà tí omi ti fà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí àkàrà. Lẹ́yìn oṣù kan ó ti ń gun Agbaja láàárọ̀ Àìkú, á wàásù níjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé. N kò jó orúnkún fún un mọ́.

Alfred kò sì yéé tọ́jú Màlúù láti ibi tó wà. Kò sí lẹ́tà rẹ̀ kan tí kò ní ìbéèrè. Táyà ńkọ́? Ṣéènì ńkọ́, ṣé ẹ ń fi epo ra á? Máìlì mélòó ló ti rìn? Bíréèkì ńkọ́? Bíréèkì ló máa ń gbẹ̀yìn, á sì fa igi sábẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá bi í, á wá a rí, á dì í sínú páálí, á fi í ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a ń wò, torí láti Lọ́kọ́ja dé Kàdúná, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ní nǹkan tó bá Màlúù mu.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Nílé wa, lẹ́tà tó ń lọ sókè òkun kì í ṣe ti ẹnì kan. Bàbá á sọ̀rọ̀, èmi á kọ ọ́, lẹ́yìn náà a óò gbé e lọ sí pálọ̀ Bàbá Jímọ́ọ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá, kí n kà á sókè kí a tó lẹ̀ ẹ́. Mùsùlùmí ni Bàbá Jímọ́ọ̀, àgbà ilé sì ni. Ó mọ ìwé Lárúbáwá kà, kò mọ tiwa. Etí rẹ̀ ló fi ń pa lẹ́tà rẹ́. Bó bá gbọ́ ohun tí kò dùn, á gbé abẹ̀bẹ̀ sókè, èmi á sì fa igi lé e. Ó ní ẹni tó wà lájò, ìròyìn ayọ̀ là ń fi ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí náà sì mọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lọ́dún 1981, Bàbá sọ fún mi pé, "Salome, kọ ọ́ pé bíréèkì ẹ̀yìn ò mú mọ́. Àlàbí tú u wò, ó ní ṣúù tó ń di táyà mú nínú rẹ̀ ti jẹ tán, irin ló kù. Ó ní irú rẹ̀ ò sí níbí. Kí Alfred bá mi wá a."

Mo kọ ọ́ bó ti wí. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀ ní pálọ̀, abẹ̀bẹ̀ gòkè.

"Pius," ni Bàbá Jímọ́ọ̀ wí, "ọmọ ra màlúù fún ọ, o tún ń ké pè é pé koríko tán?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fi ń wọ́ ilẹ̀ kí n tó lè dúró."

"Bíréèkì iwájú ńkọ́?"

"Ó ń mú díẹ̀."

"Ó mà ti tó. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọmọ yìí wà láàárín òyìnbó, irin ló ń fi ọwọ́ gbá mú láti àárọ̀ dalẹ́, o fẹ́ kó gbọ́ pé ẹ̀bùn òun ti ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì péré? Ohun tí á wu òun náà láti rà ni kí o bi í. Fèrè! Fèrè tó wà lára rẹ̀ yẹn ń dún bí òròmọdìẹ. Màlúù wo ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, wọn ò tọ́ ọ dàgbà bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "A lè kọ ti bíréèkì sínú èyí tó ń bọ̀." Bàbá Jímọ́ọ̀ yíjú sí mi pé kí n tún un kọ.

Mo mú ìwé mìíràn. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, èmi ni mo ń lẹ lẹ́tà, èmi ni mo ń gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì. Bí mo bá tiẹ̀ fi ìlà kan péré sísàlẹ̀, Bàbá Jímọ́ọ̀ ò ní mọ̀ láéláé. Mi ò fi í. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀? Lẹ́tà náà dùn bẹ́ẹ̀. Ó mọ́, ó gún, kò ní igi kan tí mo fà. Mo kọ ọ́ pé: "Màlúù ń lọ geere. Bíréèkì ń mú dáadáa. Fèrè nìkan ló kù tí a fẹ́."

Lẹ́yìn oṣù méjì, páálí dé. Fèrè méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń dán bíi díńgí. Mo ka lẹ́tà inú rẹ̀ fún Bàbá níwájú ilé. Alfred kọ ọ́ pé inú òun dùn pé bíréèkì ṣì dára. Ó ní òun ti ra ṣúù tuntun sílẹ̀, ó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù òun, ó tiẹ̀ ti ń wu òun láti fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ti inú rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí fèrè ṣáájú, torí méjèèjì máa wúwo jù.

Bàbá wò mí. Kò bá mi wí. Ó ní, "Má gbàgbé láti kọ ọ́ sínú èyí tó ń bọ̀, o jàre." Ó gbé fèrè lọ bá Àlàbí.

Èyí tó ń bọ̀ kò dé kí Bàbá tó lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn fèrè. Bàbá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Agbaja lọ́sàn-án. Àwọn tó wà lóko ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà ló sọ bó ṣe rí fún wa. Wọ́n ní àwọn gbọ́ fèrè Màlúù láti òkè, ó sì ń dún láìdákẹ́, kò dún pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní, inú Katikíìsì mà dùn lónìí o! Wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n juwọ́ sí i. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ sókè kó lè rí i. Bàbá ń lé wọn kúrò lọ́nà, wọ́n ń kí i. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti yà lẹ́bàá igi igbá, Màlúù kò yà.

Agbaja la sin ín sí. Kí erùpẹ̀ tó gbẹ ni Bàbá Jímọ́ọ̀ ti pè mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún, mi ò ní gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ìdánwò Alfred kù díẹ̀, ó ní òun á wálé lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá gbọ́ níbẹ̀ pé ohun tí òun fi ránṣẹ́ ló pa bàbá òun, ta ló máa dì í mú? Jẹ́ kó dé ká sọ fún un lójú ara wa."

Mo tún gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Ọdún tó ń bọ̀ di ọdún mẹ́rin. Ìdánwò tán, iṣẹ́ kò jẹ́ kó wá. Iṣẹ́ gbà á láàyè, ìwé ìgbélùú kò tíì bọ́ sí i. Ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi ni bàbá Alfred. Mo ń fọwọ́ sí i nísàlẹ̀: "Èmi ni bàbá rẹ, Pius." Bàbá tí kì í béèrè nǹkan fún Màlúù á fu Alfred lára, torí náà mo ní láti máa béèrè. Mo máa ń lọ jókòó ti Àlàbí kó sọ ohun tó máa ń gbó lára alùpùpù fún mi, kí n lè mọ ohun tí n óò bi í. Díńgí méjì dé. Àpò aláwọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé. Ibọ̀wọ́ dé, ó ní kí Bàbá máa wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́ kí ìka rẹ̀ má bàa kú. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá nínú páálí wọn. Màlúù wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ tapólì, ọwọ́ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wọ́, iná iwájú rẹ̀ ti fọ́. Mo ń pa irọ́ máìlì, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bíréèkì ńkọ́? Bíréèkì ń mú dáadáa. Mo kọ gbólóhùn yẹn títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n ju orúkọ mi lọ.

Alfred kọ̀wé pé òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì 1985. Bàbá Jímọ́ọ̀ ní kí n lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, kí n má mú un wá sílé wa, ilé tòun ni kó kọ́kọ́ dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìlọrin. Ó ti sanra díẹ̀, irun iwájú rẹ̀ ti ń lọ. Ó fi apá kan di akoto funfun kan mọ́ra, akoto tí wọ́n ń dé gun alùpùpù. Ó ti kọ KATIKÍÌSÌ sára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

"Òkun o, Salome!" Ìkíni Ọ̀wọ́rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Òkun, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Agbaja."

Kì í ṣe irọ́. Òótọ́ tó burú ju irọ́ lọ ni. Ojú rẹ̀ tàn. "Màlúù ló gbé wọn lọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kí n má bàa dáhùn. Ó wúwo, mo bi í ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ṣúù bíréèkì ni," ó wí. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Salome, bíréèkì kan ò lè mú dáadáa fún ọdún mẹ́fà lórí òkè Agbaja. Mo mọ bàbá mi. Wọn ò fẹ́ dà mí láàmú ni."

Ẹsẹ̀ mi ń wọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní pálọ̀ Bàbá Jímọ́ọ̀, wọ́n fún un lómi, wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà tó fọwọ́ tán ni àwọn àgbà wọlé, mẹ́rin, wọ́n jókòó láìkí i. Alfred wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Jímọ́ọ̀ ní, "Alfred, ọkùnrin ni ọ́. Ibà ló mú bàbá rẹ. A ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe." Alfred gbé akoto yẹn lé itan, ó tẹ̀ lé e lórí, ó sì ń mì síwá sẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kẹta ló ní kí n fi Màlúù han òun. Ó ká tapólì kúrò. Mo gbé omi wá fún un, mi ò lè kúrò níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ibi tí máìlì wà. Ẹgbàárùn-ún ni. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò rẹ̀, tó ti kọ gbogbo iye tí Bàbá ń fi ránṣẹ́ sí i sí, ó wo èyí tó gbẹ̀yìn: ẹgbàájọ. Ó fi ìwé náà padà sápò. Ó fọwọ́ tọ ibi tí irin ti wọ́. Ó mú sípánà, ó yọ táyà ẹ̀yìn, ó ṣí inú bíréèkì, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, irin ló ń ha irin.

"Ibà kọ́," ó wí.

"Ibà kọ́."

Ó jókòó sórí ilẹ̀. "Ìgbà wo?"

"Ọdún kẹrin rèé. Lójú ọ̀nà Agbaja ni."

"Èmi ni mo pa wọ́n," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má ti kẹ̀kẹ́ mọ́. Kẹ̀kẹ́ ì bá pa wọ́n bí?"

Ohun tó wà níwájú mi nìyẹn. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, ẹ̀bi náà á di tirẹ̀, á gbé e padà lọ sí Bámíngáàmù, Bàbá Jímọ́ọ̀ á máa sùn, èmi náà á máa sùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a, ṣùgbọ́n ti wa yìí, bí mi ò bá là á, kò sí ẹni tí á bá a láéláé. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo bó ṣe di sípánà mú, mo sì rí i pé bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ yìí, n óò ti pa ẹni méjì.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ohun tí Bàbá ní kí n kọ, mo sọ ti abẹ̀bẹ̀, mo sọ pé lóòótọ́ ni Bàbá Jímọ́ọ̀ ní kí n tún un kọ, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n kọ ọ́ pé bíréèkì ń mú. Èyí tèmi ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀ kí lẹ́tà lè dùn.

Alfred gbé sípánà sílẹ̀. "Nígbà tí mo ń di fèrè yẹn, ṣúù wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Àràárọ̀ ni mo ń rí i."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́. Èmi ni mo kà á."

"Bàbá gbọ́ ọ?"

"Wọ́n gbọ́."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú èyí tó ń bọ̀."

Ì bá gbá mi létí. Ì bá bú mi. Ó kàn fa báàgì rẹ̀ sọ́dọ̀, ó yọ ṣúù bíréèkì nínú ìwé tí ó dì í sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Odidi ọjọ́ méjì ló fi tún Màlúù ṣe. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó wọ́, ó fọ ibi tí epo ń gbà, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó ní kí n kó àwọn páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, ó so díńgí mọ́ ọn, ó so àpò mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀. "Sípánà." "Èyí tó kéré." "Mú iná súnmọ́ ibí." Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ ní ọjọ́ méjì nìyẹn. Ó yọ fèrè méjèèjì, ó gbé wọn sílẹ̀ níwájú mi.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí, àwọn adìyẹ sá kúrò lágbàlá. Ó ní, "Gùn ún." Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi akoto Bàbá kọ́ ọwọ́ Màlúù, a sì kọrí sí Agbaja.

Àwọn tó wà lóko gbọ́ ìró rẹ̀. Mo rí wọn tí wọ́n dìde. Ẹnì kan gbé ọwọ́ sókè, kò dé òkè tó fi sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí ibojì, Alfred kúnlẹ̀, ó gbé akoto lé ibi tí orí Bàbá wà, ó fi òkúta pupa yí i ká kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Kò gbàdúrà, tàbí ó gbà á sínú. Èmi dúró lẹ́yìn, mi ò mọ ibi tí n óò gbé ọwọ́ mi sí.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ó dá Màlúù sílẹ̀ lórí òkè gíga yẹn. Ó ń sáré, òkúta ń ta lu ẹsẹ̀ mi, igi igbá ń bọ̀ wá bá wa. Mo rò pé ó fẹ́ pa wá ni. Mo dì í mú, mo sì gbà fún un nínú ọkàn mi. Ó tẹ bíréèkì. Màlúù fi ìdí họ ilẹ̀, ó dúró gbọnin, igi náà kù bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí wa. Alfred kò wẹ̀yìn. Ó yí i padà, a tún gòkè, ó tún dá a sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, ọ̀nà dákẹ́.

"Ó ń mú dáadáa," ó wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló padà sí Ìlú Ọba. Màlúù wà lẹ́yìn ilé mi títí di òní, mo ń fi epo ra ṣéènì rẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tí Bàbá Jímọ́ọ̀ kú ní 1988, ọjọ́ náà gan-an ni mo túfọ̀ rẹ̀ fún Alfred, ní ìlà àkọ́kọ́, kí n tó kí i. Lẹ́tà mọ́kàndínlógún ni mo ti kọ sí i láti ìgbà tó ti lọ. Kò sí irọ́ kan nínú wọn. Kò fèsì sí ọ̀kan.